Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Sọ́fítíwíà Lẹ́nu Iṣẹ́ Láti Mọ̀ Bóyá Ó Ń Tẹ̀ Lé Ìlànà Rẹ̀

Ọ̀nà mẹ́ta ni a sábà máa ń gbà mọ̀ bóyá sọ́fítíwíà kan ń ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe. Èkíní ni ìdánwò, níbi tí a ti ń fún un ní iṣẹ́ tí a ti mọ èsì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí a sì ń wò bóyá èsì náà ni yóò mú wá. Èkejì ni ẹ̀rí ìṣirò, níbi tí a ti ń yẹ kóòdù fúnra rẹ̀ wò láìgbé e ṣiṣẹ́, kí a lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kò sí ọ̀nà kankan tí ó lè gbà ṣìṣe. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ìtọ́sọ́nà yìí dá lé lórí: kí a jẹ́ kí sọ́fítíwíà máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lọ́wọ́ àwọn òǹlò gidi, kí a sì fi ètò kékeré mìíràn tì í, tí yóò máa wo ohun tí ó ń ṣe, tí yóò sì máa fi í wé ìlànà tí a kọ sílẹ̀. Ètò kékeré yìí ni a ó máa pè ní olùṣọ́.

Ìdánwò kò lè kárí gbogbo ohun tí àwọn òǹlò yóò ṣe, pàápàá nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lórí ọ̀pọ̀ sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn òǹlò lóhùn) lẹ́ẹ̀kan náà, tí ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tí ẹnikẹ́ni kò rò pé wọn yóò pàdé bá lọ pàdé. Ẹ̀rí ìṣirò lágbára ju ìdánwò lọ, ṣùgbọ́n òun náà ní ààlà. Alan Turing ti fi hàn ní ọdún 1936 pé kò sí ọgbọ́n ìṣirò kan ṣoṣo tí ó lè sọ fún wa, nípa ètò èyíkéyìí, bóyá ètò náà yóò dúró ní ọjọ́ kan tàbí kò ní dúró. Ní ọdún 1953, Henry Gordon Rice fẹ èyí lójú dé orí gbogbo ìbéèrè tó nítumọ̀ nípa ìhùwàsí ètò. Olùṣọ́ bọ́ lọ́wọ́ ìdènà yìí nítorí pé ìbéèrè tí ó ń dáhùn kéré. Kò béèrè bóyá ètò náà lè ṣìṣe láéláé. Ohun tí ó ń béèrè ni bóyá nínú ìṣiṣẹ́ kan ṣoṣo yìí, títí di ìsinsìnyí, ó ti ṣìṣe.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni ó máa ń kọ́kọ́ wá irinṣẹ́ kiri. Lójú tèmi, irinṣẹ́ ló yẹ kí ó kẹ́yìn, nítorí pé inú ìwé ìlànà ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ìwé ìlànà náà sì ni olùṣọ́ máa ń kọ́kọ́ bá fa wàhálà, kí ó tó kan kóòdù rárá.

Ẹ kọ ìlànà lọ́nà tí ohun tí a fojú rí fi lè takò ó

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí a ó máa lò títí dé òpin. Ìwé ìlànà ètò ìwọlé kan sọ pé: «Bí òǹlò bá ṣi páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ tẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí a ti àkáǹtì rẹ̀ pa títí yóò fi jẹ́rìí nínú ímeèlì pé òun ni.»

Kò sí ẹni tí yóò ka gbólóhùn yìí tí kò ní rò pé ó yé òun. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú láti fi ṣe ìdájọ́ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ẹ ó sì rí i bí ó ṣe ń yọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ṣé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tó tẹ̀ léra ni, àbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lápapọ̀ láti ọjọ́ tí a ti ṣí àkáǹtì? Bí ó bá ṣì í lẹ́ẹ̀mejì, tí ó wá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ṣé ìṣirò náà ń padà sí òdo? Ìgbà wo ni a gbọ́dọ̀ ti àkáǹtì náà, lójú ẹsẹ̀ ni àbí nígbà tí iṣẹ́ bá rọlẹ̀? Bí kọ̀ǹpútà méjì bá ń gbìyànjú lórí àkáǹtì kan náà, ṣé a ó ro ìkùnà wọn pọ̀? Bí ẹni tí a ti àkáǹtì rẹ̀ pa bá wá tẹ páásíwọ́ọ̀dù tó tọ̀nà ńkọ́?

Ẹni tí ó ni ìlànà náà ni kí ẹ gbé ìbéèrè wọ̀nyí lọ bá, kì í ṣe ẹni tó kọ kóòdù. Ẹni tó kọ kóòdù yóò sọ ohun tí kóòdù rẹ̀ ń ṣe fún yín, kò sì ní parọ́; ṣùgbọ́n olùṣọ́ tí a bá gbé ka orí ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kò ní bá kóòdù náà jiyàn láé, àléébù tó wà nínú rẹ̀ ni yóò sì máa fọwọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ìdáhùn tí a rí gbà sọ gbólóhùn wa di òfin mẹ́ta. Òfin kìíní ni pé láti ìgbà tí a bá ti ti àkáǹtì kan pa, títí di ìgbà tí ẹni tó ni ín bá jẹ́rìí, kò gbọdọ̀ sí ìwọlé kankan sí àkáǹtì náà. Òfin kejì ni pé bí ìkùnà mẹ́ta bá tẹ̀ léra lórí àkáǹtì kan láìsí ìwọlé láàárín wọn, a gbọ́dọ̀ ti àkáǹtì náà pa kí ìṣẹ́jú àáyá 2 tó kọjá lẹ́yìn ìkùnà kẹta. Òfin kẹta ni pé a kò gbọdọ̀ ti àkáǹtì kankan pa láìjẹ́ pé ìkùnà mẹ́ta ti ṣáájú. Ẹ̀kẹta yìí ni a máa ń gbàgbé jù lọ, nítorí pé kò hàn ketekete nínú gbólóhùn tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Síbẹ̀, bí kò bá sí, ètò tó ń ti àkáǹtì gbogbo òǹlò pa lójoojúmọ́ yóò yege lọ́wọ́ olùṣọ́ láìsí ìyọnu kankan.

Ẹ ṣàkíyèsí pé òfin kejì ní iye àkókò nínú. Láti ọdún 1977 ni Leslie Lamport ti ya irú ìlànà méjì sọ́tọ̀: èyí tó ní ohun búburú kan kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀, àti èyí tó ní ohun rere kan gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ bó pẹ́ bó yá. Bí ohun búburú bá ṣẹlẹ̀, ojú olùṣọ́ yóò tó o. Ṣùgbọ́n bí ìlànà bá kàn sọ pé a ó ti àkáǹtì náà pa bó pẹ́ bó yá, olùṣọ́ lè dúró títí ọdún yóò fi yípo láìlè sọ pé ìlànà ti bàjẹ́, nítorí pé ó ṣì lè ṣẹlẹ̀ lọ́la. Nítorí náà, ibikíbi tí ẹ bá ti rí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìlànà, ẹ béèrè fún gbèdéke, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní nọ́ńbà.

Ẹ yan ìṣẹ̀lẹ̀, kí ẹ sì mọ ibi tí ẹ ó ti wò wọ́n

Olùṣọ́ kì í rí ètò lódindi. Ìṣẹ̀lẹ̀ tí a bá ròyìn fún un nìkan ni ó mọ̀, ìtòtẹ̀léra àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀nyí ni a sì ń pè ní ipasẹ̀. Fún òfin mẹ́ta wa, ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́rin ti tó: *kuna* fún páásíwọ́ọ̀dù tí kò tọ̀nà, *wole* fún ìwọlé, *ti* fún títì, àti *jeri* fún ìjẹ́rìí inú ímeèlì. Nọ́ńbà àkáǹtì àti àkókò ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbé dání. Páásíwọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, yálà èyí tó tọ̀nà tàbí èyí tí kò tọ̀nà, nítorí pé páásíwọ́ọ̀dù tí ẹnìkan ṣì tẹ̀ sábà máa ń jọ èyí tó tọ̀nà pẹ̀lú lẹ́tà kan ṣoṣo.

Ibi tí a ti ń wo ìṣẹ̀lẹ̀ ṣe pàtàkì ju orúkọ tí a fún un lọ. Ó rọrùn láti ròyìn *wole* ní ibi tí kóòdù ti yẹ páásíwọ́ọ̀dù wò tí ó sì rí i pé ó tọ̀nà. Ṣùgbọ́n òǹlò lè gba ọ̀nà mìíràn wọlé: ó lè tẹ líǹkì tí a fi ránṣẹ́ fún àtúnṣe páásíwọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ rẹ̀ lè ti wà lára àwọn tí ètò náà ń rántí, ó sì lè jẹ́ pé ètò mìíràn ni ó ń bá a wọlé. Bí a bá ń wo ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, àwọn ọ̀nà yòókù kò ní sí nínú ipasẹ̀, òfin kìíní yóò sì máa yege lójoojúmọ́ lórí irọ́. Ibi tí ètò ti ń fún òǹlò ní àṣẹ ìwọlé gan-an, tí gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí gbọ́dọ̀ kọjá, ni ó yẹ kí a ti ròyìn *wole*. Òdiwọ̀n tí mo ń lò ni kí ìròyìn máa wá láti ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, kì í ṣe ibi tí a ti pinnu pé kí ó ṣẹlẹ̀.

Ní ti bí a ṣe ń fa ìròyìn náà jáde, a lè fọwọ́ kọ ọ́ sínú kóòdù, ìyẹn sì tó fún ètò kékeré. Fún ètò tí a kọ ní èdè Java, irinṣẹ́ AspectJ lè fi ìròyìn sí ibi tí a ti ń pe àwọn iṣẹ́ kan láìjẹ́ pé a fọwọ́ kan kóòdù wọn. Lórí Linux, irinṣẹ́ eBPF lè jẹ́ kí a wo ohun tí ètò ń béèrè lọ́wọ́ kernel, ìyẹn ọkàn Linux fúnra rẹ̀, láìdá ètò náà dúró. Ẹ ṣọ́ra fún *assert*, ìlà inú kóòdù tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun kan jẹ́ òótọ́. Java kì í kà á sí rárá àyàfi bí a bá fi *-ea* gbé ètò dìde, Python sì máa ń yọ ọ́ dànù bí a bá lo *-O*, nítorí náà ohun tí a rò pé ó ń ṣọ́ wa lè máà sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí iṣẹ́ gidi bá bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aago wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Aago sáfà méjì kì í bá ara wọn mu pátápátá, aago sáfà kan ṣoṣo sì lè fò sẹ́yìn nígbà tí a bá ń tún un ṣe. Fún ìwọ̀n àkókò lórí ẹ̀rọ kan, ẹ lo aago tí kì í padà sẹ́yìn, irú èyí tí Python ń pè ní *time.monotonic*. Fún ìtòtẹ̀léra láàárín ẹ̀rọ púpọ̀, Lamport ti ṣàlàyé ní ọdún 1978 bí a ṣe lè fi nọ́ńbà tí ń pọ̀ sí i to ìṣẹ̀lẹ̀ láìgbẹ́kẹ̀ lé aago ara ògiri. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ibi ìpamọ́ dátà fún ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí àkáǹtì tó kàn.

Ẹ sọ òfin di ètò

Amir Pnueli ni ó mú lọ́jíìkì àkókò, èdè ìṣirò fún sísọ ìgbà tí nǹkan gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ tàbí tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀, wọ inú ẹ̀kọ́ ètò kọ̀ǹpútà ní ọdún 1977, iṣẹ́ náà sì wà lára ohun tí a fi fún un ní Ẹ̀bùn Turing ní 1996. Nínú èdè yẹn, òfin kìíní wa kò ju ìlà kan lọ:

G (ti → (¬wole W jeri))

G túmọ̀ sí «nígbà gbogbo», → túmọ̀ sí «bí èyí bá ṣẹlẹ̀, nígbà náà», ¬ túmọ̀ sí «kò sí», W sì túmọ̀ sí «títí di ìgbà tí, bí ìgbà náà bá tilẹ̀ máa dé». Àwọn irinṣẹ́ wà tó lè sọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ di olùṣọ́ fúnra wọn, bíi JavaMOP, MonPoly, àti Copilot tí NASA ń lò. Ṣùgbọ́n fún òfin tí kò pọ̀, ó dára kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kọ ọ̀kan, kí ẹ lè mọ ohun tí irinṣẹ́ yóò máa bá yín ṣe. Èyí ni olùṣọ́ fún òfin kìíní àti ẹ̀kẹta ní Python:

```
class Oluso:
    def __init__(self):
        self.ikuna = {}
        self.tipa = set()

    def gba(self, isele, akanti):
        if isele == "wole":
            if akanti in self.tipa:
                return "ìrúfin"
            self.ikuna.pop(akanti, None)
        elif isele == "kuna":
            self.ikuna[akanti] = self.ikuna.get(akanti, 0) + 1
        elif isele == "ti":
            if self.ikuna.get(akanti, 0) < 3:
                return "ìrúfin"
            self.tipa.add(akanti)
        elif isele == "jeri":
            self.tipa.discard(akanti)
            self.ikuna.pop(akanti, None)
        return "kò tíì dájú"
```

Ẹ wá fún un ní ipasẹ̀ yìí:

```
10:04:07.120  kuna  381
10:04:09.450  kuna  381
10:04:11.003  kuna  381
10:04:11.010  wole  381
10:04:11.015  ti    381
```

Ìlà karùn-ún ni olùṣọ́ yóò figbe bọnu lé lórí, nítorí pé ìwọlé tó wà ní ìlà kẹrin ti pa ìṣirò ìkùnà rẹ́, títì náà sì wá dà bí èyí tí kò nídìí. Ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé títì náà kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìwọlé ìlà kẹrin ni ọ̀ràn wà lọ́rùn rẹ̀: ìdá méje péré nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni ó wà láàárín òun àti ìkùnà kẹta, kò sì sí ọmọ ènìyàn tí ìka rẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè méjì ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ẹnìkan gbé ètò kalẹ̀ tó ń da páásíwọ́ọ̀dù púpọ̀ bo ẹnu ọ̀nà. Síbẹ̀, bí a bá gbé ìwé ìlànà yẹ̀ wò, kóòdù náà kò rú òfin kankan nínú rẹ̀. Òfin kìíní bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí a bá ti ti àkáǹtì, òfin kejì sì fún ètò ní ìṣẹ́jú àáyá 2 kí ó tó tì í. Ní àárín méjèèjì, àlàfo kan wà tí olùwá-páásíwọ́ọ̀dù lè fi gbìyànjú ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà. Àwa la ṣí àlàfo náà sílẹ̀ pẹ̀lú gègé ara wa.

Irú nǹkan báyìí ni ẹ ó máa bá pàdé jù ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ má ṣe sáré lọ bá àwọn tó ń kọ kóòdù nígbà tí olùṣọ́ bá kọ́kọ́ pariwo. Ẹ ka ipasẹ̀ náà fúnra yín, kí ẹ sì pinnu ohun tí àṣìṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú mẹ́ta: ètò, ìwé ìlànà, tàbí olùṣọ́. Níhìn-ín, ìwé ìlànà ni. A ó tún òfin kìíní kọ kí ó máa bẹ̀rẹ̀ láti ìkùnà kẹta, kì í ṣe láti ìgbà títì, nínú olùṣọ́ sì, ìlà kan ni yóò yí padà:

```
if akanti in self.tipa or self.ikuna.get(akanti, 0) >= 3:
```

Nísinsìnyí, ìlà kẹrin ni igbe yóò wá láti orí rẹ̀, ìlà karùn-ún yóò sì kọjá ní àlàáfíà, nítorí pé a ti padà kúrò nínú *gba* kí ìṣirò tó parẹ́. Òfin kejì kò di asán. Títì ni ó ń mú kí ímeèlì lọ bá ẹni tó ni àkáǹtì. Ìgbà yìí gan-an ni a lè lọ bá àwọn tó ń kọ kóòdù, kí a sọ fún wọn pé wíwo iye ìkùnà àti fífúnni láṣẹ ìwọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ kan tí ohunkóhun kò lè wọ àárín rẹ̀.

Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ kì í ránṣẹ́

Olùṣọ́ tí a kọ yìí kò tíì lè ṣọ́ òfin kejì, ìdí rẹ̀ sì ni pé iṣẹ́ ìròyìn nìkan ni ó ń jẹ́. Bí ètò bá kùnà láti ti àkáǹtì, kò sí ìṣẹ̀lẹ̀ kankan tí yóò wá sọ bẹ́ẹ̀. Olùṣọ́ gbọ́dọ̀ ní aago tirẹ̀: nígbà tí ìkùnà kẹta bá dé, kí ó kọ gbèdéke sílẹ̀, kí ó sì jí fúnra rẹ̀ nígbà tí gbèdéke bá pé láti wò bóyá *ti* ti dé. Àkókò tí ìṣẹ̀lẹ̀ wáyé ni kí ó fi ṣe ìdájọ́, kì í ṣe àkókò tí ìròyìn dé etí rẹ̀. Nítorí pé ìròyìn lè pẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ fún un ní sùúrù díẹ̀ lé gbèdéke. Bí sùúrù náà bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 5, a ó dá ẹjọ́ òfin kejì ní ìṣẹ́jú àáyá 7 lẹ́yìn ìkùnà kẹta, àmọ́ ìṣẹ́jú àáyá 2 náà ni ètò ṣì ní.

Bákan náà ni ìdákẹ́jẹ́ pátápátá. Bí sáfà kan kò bá ròyìn ohunkóhun fún wákàtí kan, bóyá ẹnikẹ́ni kò wọlé ni, bóyá okùn ìròyìn ni ó já. Ẹ jẹ́ kí sáfà kọ̀ọ̀kan máa ránṣẹ́ kékeré láti ìgbà dé ìgbà pé òun ṣì wà, kí olùṣọ́ lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Ìdájọ́ mẹ́ta, kì í ṣe méjì

Ẹ ó ti rí i pé olùṣọ́ wa kì í sọ pé «ó dára». Ìrúfin tàbí «kò tíì dájú» ni ó mọ̀. Àbùkù kọ́ nìyẹn. Andreas Bauer, Martin Leucker àti Christian Schallhart fún lọ́jíìkì Pnueli ní ìtumọ̀ tó ní ìdájọ́ mẹ́ta fún irú iṣẹ́ yìí: ìlànà ti bàjẹ́ tí ohun tó ń bọ̀ kò sì lè tún un ṣe, ìlànà ti pé tí ohun tó ń bọ̀ kò sì lè bà á jẹ́, tàbí a kò tíì lè sọ. Òfin tó ní «kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ láé» kò lè dé ìdájọ́ kejì níwọ̀n ìgbà tí ètò bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi àwọ̀ ewé kun «kò tíì dájú» lójú ìwé tí àwọn ọ̀gá ń wò. Ohun tí a lè sọ ní òótọ́ ni pé a wo ìṣẹ̀lẹ̀ báyìí-báyìí, a kò sì tíì rí ìrúfin nínú wọn. Ẹni tó bá ń ka ìròyìn náà yóò wá béèrè iye ìṣẹ̀lẹ̀ tí a wò, ìbéèrè tó sì yẹ kí ó béèrè nìyẹn.

Ohun tí ṣíṣọ́ ń náni

Olùṣọ́ ń jẹ mẹ́mórì àti àkókò. Nínú kóòdù wa, àkáǹtì tó bá kùnà lẹ́ẹ̀kan tí ẹni tó ni ín kò sì padà wá mọ́ yóò wà nínú *ikuna* títí láé, bẹ́ẹ̀ ni mẹ́mórì yóò máa kún díẹ̀díẹ̀. Ẹ lè kó irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ lọ sórí díìsìkì. Ẹ sì lè gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn àkókò kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbàgbé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun kò lè dá ẹjọ́ àkáǹtì náà mọ́ bí *ti* bá dé lórí rẹ̀ lójijì. «Kò tíì dájú» ni èsì rẹ̀, kì í ṣe ìrúfin.

Bí ìṣẹ̀lẹ̀ bá pọ̀ ju agbára lọ, ọ̀pọ̀ a máa mú díẹ̀ nínú wọn láìsí ètò, kí wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀. Èyí ba òfin kẹta jẹ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ìkùnà kan tí a fò yóò sọ títì tó tọ́ di ẹlẹ́ṣẹ̀. Àkáǹtì ni kí ẹ mú díẹ̀ nínú rẹ̀: ẹ yan ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn àkáǹtì, kí ẹ sì wo gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ wọn láìfo ọ̀kan.

Àwọn olùṣọ́ kan wà tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀, tí ìlànà wọn kò yàtọ̀ láti ètò dé ètò. AddressSanitizer ń wo bóyá ètò C tàbí C++ ń fọwọ́ kan mẹ́mórì tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì máa ń sọ àkókò iṣẹ́ di nǹkan bí ìlọ́po méjì. ThreadSanitizer, tó ń wá ibi tí thread méjì (ìlà iṣẹ́ méjì tó ń lọ pọ̀ nínú ètò kan) ti ń jà lórí dátà kan, lè dá ètò dúró sẹ́yìn ní ìlọ́po 5 sí 15. Ìgbà ìdánwò ni a sábà máa ń lo irú wọn. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ohunkóhun tó bá fa ètò sẹ́yìn lè yí ìpàdé àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ padà, kí àṣìṣe tí a ń wá sì sá pamọ́ ní kété tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó.

Bí kò bá sí ìdí láti dá ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ kọ ipasẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ Mars Pathfinder bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara rẹ̀ gbé dìde lórí pílánẹ́ẹ̀tì Mars ní ọdún 1997, ẹ̀dà ọkọ̀ náà tó wà lórí ilẹ̀ ayé ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ lò, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ipasẹ̀, títí wọ́n fi rí i pé iṣẹ́ tí kò ṣe kánjúkánjú ni ó di kọ́kọ́rọ́ tí iṣẹ́ kánjúkánjú nílò mú.

Ẹ dán olùṣọ́ fúnra rẹ̀ wò

Olùṣọ́ tí kò tíì pariwo rí lè jẹ́ olùṣọ́ ètò tó dára, ó sì lè jẹ́ olùṣọ́ tó ti sùn. Ẹ mú ipasẹ̀ kan tó mọ́, kí ẹ sì bà á jẹ́ lọ́nà tí ẹ mọ̀: ẹ yọ ìlà *ti* kúrò, ẹ gbé *wole* síwájú *jeri*, ẹ pa *kuna* kan rẹ́ nínú mẹ́ta, ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà àkáǹtì ní ìlà kan. Olùṣọ́ gbọ́dọ̀ mú gbogbo rẹ̀, kí ó sì tọ́ka sí ìlà tó yẹ, nítorí pé a ti rí i lókè pé igbe tó bá ti ibi tí kò tọ́ wá a máa darí ènìyàn gba ọ̀nà ibòmíràn. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí olùṣọ́ máa ka iye ìgbà tí òfin kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ ṣe. Bí oṣù kan bá parí tí òfin kìíní kò rí àkáǹtì kankan tí a tì pa, kò tíì dán nǹkan kan wò, bí ó ti wù kí ó dákẹ́ tó.

Ẹ pinnu ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìlànà bá bàjẹ́

Apá yìí ni mo rò pé ó léwu jù. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 àkọ́kọ́ bàjẹ́ lójú òfurufú kí ó tó pé ìṣẹ́jú àáyá 40 tó gbéra. Kóòdù kan tí a mú wá láti Ariane 4 fẹ́ kó nọ́ńbà oní-bíìtì 64 sínú àyè bíìtì 16, àyè tí nọ́ńbà tó bá ju 32,767 lọ kò lè wọ̀; nọ́ńbà náà sì jù ú lọ, nítorí pé eré Ariane 5 yàtọ̀. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń dá a dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà náà rí àṣìṣe yẹn. Ohun tí a ti ní kí ó ṣe bí ó bá rí irú rẹ̀ ni kí ó kéde àṣìṣe, kí ó sì pa ara rẹ̀, ohun tí ó sì ṣe nìyẹn. Èyí tó yẹ kí ó gba ipò rẹ̀ ti kú ṣáájú nípa àṣìṣe kan náà, kóòdù kan náà ló ń lò. Iṣẹ́ tí kóòdù náà ń ṣe kò tilẹ̀ wúlò mọ́ lẹ́yìn tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti gbéra.

Nítorí náà, fún òfin kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì ronú lórí ohun tí ìdáhùn náà lè bàjẹ́. Fún òfin kìíní, olùṣọ́ lè fagi lé ìwọlé náà lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ewu kí àlejò wà nínú àkáǹtì ju ìdààmú kí a ní kí onílé tún padà wọlé lọ. Fún òfin kẹta, kí ó sọ fún ènìyàn ni ó yẹ. Bí a bá jẹ́ kí olùṣọ́ máa ṣí àkáǹtì tí ó rò pé a ṣì tì, ẹni tó bá lè dá okùn ìròyìn dúró ti rí kọ́kọ́rọ́ gbogbo àkáǹtì gbà. Fred Schneider fi hàn ní ọdún 2000 pé olùṣọ́ tí gbogbo agbára rẹ̀ jẹ́ láti dá ètò dúró kò lè fi tipá mú ìlànà mìíràn ṣẹ ju irú èyí tó ní ohun búburú kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ lọ. Ohun rere tí a ń retí kì í jáde láti inú dídúró.

Bí kóòdù bá ń yí padà

Ètò tí à ń ṣọ́ kì í dúró lójú kan. Lọ́jọ́ kan ẹnìkan yóò yí orúkọ *kuna* padà, tàbí kí ó fi kún un pé alábòójútó ètò lè ti àkáǹtì pa fún ìdí mìíràn. Ìyípadà èkejì yóò mú kí òfin kẹta máa pariwo lójoojúmọ́, a ó sì tètè mọ̀. A ó fi ìdí títì kún ìṣẹ̀lẹ̀ *ti*, kí òfin náà má bàa wo títì tí alábòójútó ṣe. Èyí àkọ́kọ́ ló burú, nítorí pé yóò jẹ́ kí òfin kejì dákẹ́: kò ní rí ìkùnà kankan mọ́, kò sì ní béèrè títì. Ẹ tọ́jú òfin, olùṣọ́ àti kóòdù sí ibi kan náà, kí ẹ jẹ́ kí olùṣọ́ kọ̀ láti gba ìṣẹ̀lẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ṣàjèjì sí i dípò kí ó fò ó, kí ẹ sì mú un ní dandan pé ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan ibi tí a ti ń ròyìn gbọ́dọ̀ tún àwọn ipasẹ̀ tí a bà jẹ́ wọ̀nyẹn gbé kọjá lọ́dọ̀ olùṣọ́ kí ìyípadà rẹ̀ tó wọlé.